Ebè Tí Bàbá Mi Kọ

Ohun tí bàbá mi bẹ̀rù jù láyé kì í ṣe ikú. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó dàgbà tán tí iyè rẹ̀ ra. Ó burú débi pé kò mọ orúkọ àwọn ọmọ tó bí mọ́, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ ní ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò a sì máa dúró lójú fèrèsé rẹ̀ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi ló tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú. Láti ọjọ́ tó ti sin ín ló ti ń wí i pé bí ara òun bá fẹ́ kú kó kú, kí Ọlọ́run ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí orí òun ṣáájú ara òun lọ.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà tí rọpárọsẹ̀ gbé bàbá mi ṣubú nílé wa ní Emùré. Ọwọ́ ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ẹnu wọ́ díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ń yọ. Láti ọjọ́ tó ti ti ọsibítù dé ló ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Láràárọ̀, kó tó fẹnu kan ẹ̀kọ, á di ojú, á sì máa ka ọ̀nà oko rẹ̀ bí ẹni ń rìn ín. Á ní òun jáde nílé, òun yà sọ́wọ́ òsì, òun kí alágbẹ̀dẹ, òun gba abẹ́ igi ọ̀sàn, òun fo odò, òun kan àpáta tí wọ́n ń sá gbágùúdá lé. Bó bá kà á dé ẹnu ahéré rẹ̀ láìfo ibì kan, á la ojú, á wo ìyá mi, á ní:

"Orí mi pé."

Ìyá mi á dá a lóhùn pé, "Ó pé. Àní ó pé." Ìgbà náà ló tó máa jẹun.

Èmi nìkan ni ọmọ tó wà nítòsí nígbà náà. Mo ti lo ọdún bíi mélòó kan ní Èkó níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ìpínlẹ̀ wa dé, wọ́n ń wá ẹni tó lè fi kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ní Adó, ni mo bá kó ẹrù mi wálé. Mo gba yàrá kan ní Adó. Epo bẹntiróòlù ò rọrùn láti rí, ẹni tó bá fẹ́ lọ láti Adó gba Ìkẹ́rẹ́ dé Emùré lè fi ìdajì ọjọ́ dúró ní gáréèjì, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń wálé, ọ̀sẹ̀ mìíràn mi ò sì ní lè wá rárá. Ohun mẹ́ta ni mo kó ti Èkó bọ̀: bẹ́ẹ̀dì kan, kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí ọ́fíìsì wa ò fẹ́ mọ́, àti àrùn ṣíṣe géèmù. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ṣì ń ya ọkùnrin kékeré sójú kọ̀ǹpútà tí mo ń mú kí ó rìn kiri. Ìyá mi a máa bi mí pé ìgbà wo ni màá mú ìyàwó wálé. Mo máa ń sọ fún un pé mo ṣì ń lóòdù ni. Kò yé e, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan ni mo jókòó tì í nígbà tó ń ka ọ̀nà oko. Mo ṣàdédé mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á. Nígbà tí mo padà sí Adó, mo sọ ọ̀nà náà di géèmù. Mo gé e sí máàpù kéékèèké: agbo ilé wa ní máàpù tirẹ̀, ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ ní tirẹ̀, odò ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà títí dé oko. Mo ya ọkùnrin kan tó dé fìlà, tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Bọ́tìnnì mẹ́rin tó ní àmì ọfà ni wọ́n á fi máa darí rẹ̀, ọwọ́ òsì nìkan sì tó fún un.

Nígbà tí mo gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí Emùré tí mo gbé e sí iwájú rẹ̀ lórí tábìlì, bàbá mi kọ́kọ́ rò pé tẹlifíṣọ̀n ni. Mo ní kó tẹ bọ́tìnnì kan. Ó tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà sún síwájú. Ó yọ ọwọ́ kíá bí ẹni tí iná jó. Ó tún un tẹ̀. Nígbà tó yé e pé òun ni ọkùnrin yẹn, àti pé ọ̀nà oko òun ni èyí, ó fi ẹnu tó wọ́ yẹn rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. Igi ọ̀sàn ò sí níbi tí mo gbìn ín sí. Odò náà ń ṣẹ́rí kó tó kan àpáta. Ilé alágbẹ̀dẹ ò ní páànù nígbà ayé alágbẹ̀dẹ, koríko ni wọ́n fi bò ó. Mo ń tún un ṣe, ó ń wò mí. Àwọn tó wà lọ́nà náà, àwọn tí òun ń bá pàdé nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni. Gbogbo wọn ló ti kú. Mo ṣe é kó jẹ́ pé bó bá dé iwájú ẹnì kan, ìkíni á jáde ní kíkọ, màá kà á sí i létí, òun náà á sì dáhùn sókè. Ìyá mi á wà nídìí àdògán níta, á máa gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń kí àwọn òkú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti mú inú ẹnikẹ́ni dùn rí láyé yìí, àwọn Sátidé wọ̀nyẹn ni.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀, ìṣòro náà sì le. Géèmù yẹn ò tètè dìde. Bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, gbogbo máàpù ló máa kọ́kọ́ kó jáde látinú dísìkì, láti agbo ilé títí dé oko, kó tó jẹ́ kí ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan. Èèyàn lè gbé iṣu kaná kó jiná kó tó ṣe tán. Iná ìjọba ẹ̀wẹ̀, ẹ mọ bó ṣe rí nígbà yẹn, á dé fún wákàtí kan láàárọ̀, á ṣẹ́jú, á lọ, á tún dé. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣẹ́jú, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi á jókòó síwájú ojú kọ̀ǹpútà dúdú, á máa dúró. Nígbà mìíràn oorun á gbé e lọ. Nígbà mìíràn á rìn dé ìdí odò, iná á lọ, á sì gbé ọwọ́ sílẹ̀ sórí itan. Láàárín oṣù kan, kò dé oko ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Mo bú àwọn oníná débi tí ẹnu ro mí.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí mo dá ni pé mo pa gbogbo ọ̀nà rẹ́. Mo ní bí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà, kó bọ́ sí oko lẹ́ẹ̀kan náà, máàpù kan péré. Ó yá bí iná mànàmáná. Mo fi hàn án, mo ń retí kó yìn mí.

Ó wo oko. Ó wò mí, ó bi mí pé ibo ni òun gbà débẹ̀:

"Kàbí mo gbà dé ubí?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ ti dé ná. Kò sí pé ẹ̀ ń rìn."

"Mèé kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ṣé olè ni mí?"

Kò tẹ bọ́tìnnì kankan lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà yẹn ló fi ń wọn orí ara rẹ̀, èmi sì mú ọ̀nà kúrò. Inú bí mi díẹ̀, ẹ ò rí i, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ìyá mi ló yanjú ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, ó bi mí pé kí ló ń dí wa lọ́wọ́. Mo ní gbogbo ọ̀nà ni kọ̀ǹpútà ń kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló ń fa ìdádúró. Ó dúró, ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀.

"Ẹni ó fẹ́ se uṣu kan, ṣé gbogbo uṣu inú abà ni ó a kó jáde?"

Bí mo ṣe gbé kọ̀ǹpútà náà padà sí Adó nìyẹn tí mo tú gbogbo kóòdù náà ká. Mo ṣe é kí ó kó agbo ilé nìkan jáde níbẹ̀rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ni kọ̀ǹpútà á ti máa mú ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wá lábẹ́lẹ̀. Bó bá kúrò ní agbo ilé, á séèfù agbo ilé, á tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà sínú dísìkì, á sì gbé e kúrò nílẹ̀ kí àyè lè gba èyí tó ń bọ̀. Ibi tó bá dé là ń lóòdù, ibi tó bá fi sílẹ̀ là ń séèfù. Séèfù tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ láti orí bọ́tìnnì kan, mo yọ ọ́ dànù, nítorí bàbá mi kì í rántí tẹ̀ ẹ́, iná kì í sì í jẹ́ kó rántí. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, ó dùn mọ́ mi. Mo tan kọ̀ǹpútà, kí n tó ka ení dé ẹ̀wá, ọkùnrin náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa pẹ̀lú ọkọ́ lèjìká. Mo jókòó nínú yàrá mi ní Adó, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Mo tún fi nǹkan kan sí i. Bó bá dé oko, tó tẹ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ yẹn, ọkùnrin náà á bẹ̀rẹ̀, á sì kọ ebè kan. Oko kì í ṣe ibi ìwòran, iṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé e padà wá sí Emùré, bàbá mi sì rìn láti ilé dé oko láìdúró. Ó kí gbogbo èèyàn. Nígbà tó tẹ bọ́tìnnì gígùn tó rí ebè àkọ́kọ́, ó mí kanlẹ̀. Ebè mọ́kànlá ló kọ, ó jọ pọ̀ ní ìlà kan, ó gún régé. Mo ní ó ti tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, mo sì gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, mo darí ọkùnrin náà padà wálé. A pa kọ̀ǹpútà. A tún un tàn. A rìn padà. Ebè mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀.

"Ṣé gbogbo ìgbà ni ó a máa wà?" ló bi mí.

Ẹ wo ohun tí mo sọ. Mo fẹsẹ̀ nà, mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ nǹkan:

"Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. Èèyàn ló ń gbàgbé. Ohun tí ẹ bá ṣe síbẹ̀, ibẹ̀ ló wà."

Mo kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń tàn án. Kò ju bọ́tìnnì kan lọ, géèmù á ṣí fúnra rẹ̀. Mo fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún wọn, mo bá tèmi lọ sí Adó. Epo wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi wálé.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀ Sátidé, bàbá mi ò tíì dáhùn ìkíni mi tó fi bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ yá. Ó ní òun ti ń lọ sóko lójoojúmọ́. Ó ní òun ti kọ ebè dé ìdí igi ayán tó wà nítòsí òpin oko, ó ti lé lọ́gọ́ta, ó ku díẹ̀ kí ilẹ̀ yẹn tán. Àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo rí i pé ó ń wo ẹnu mi, bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ fún olùkọ́. Mo rò pé ìyìn ló ń wá. Ìyá mi ò sí nílé, ó lọ sọ́jà. Iná wà. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo mú ọkùnrin náà rìn lọ sóko.

Ebè mọ́kànlá.

Mo rẹ́rìn-ín. Ká ní mo lè gba ẹ̀rín yẹn padà ni. Mo ní, "Bàbá, ọgọ́ta dà? Mọ́kànlá tí a jọ kọ níjọ́sí náà rè é." Mo fi ìka kàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kà wọ́n sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé mọ́kànlá, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.

Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Mo kọ ọ́," ló sọ, ohùn rẹ̀ kéré.

"Bóyá ẹ fẹ́ kọ ọ́ ni," ni mo wí. "Bóyá ẹ lá a lálàá ni. Kò burú, Bàbá. Kò sí ohun tó ṣe é."

Ó ní, "Ó dáa." Ó ní kí n bá òun pa nǹkan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, mo jókòó kí n lè gbọ́ ọ̀nà oko. Kò kà á. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ wá, ó jẹ ẹ́. Kò di ojú, kò sọ pé orí òun pé. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tí mo tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aṣọ ni wọ́n fi bo kọ̀ǹpútà. Ìyá mi ní ó ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dun òun lójú. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo ro gbogbo òru tí mo fi ṣe é, mo sì ní lọ́kàn mi pé àgbà ò mọyì nǹkan.

Láti ìgbà náà ló yí padà. Bí èèyàn bá wọlé tó kí i, kò ní dáhùn tààrà. Á kọ́kọ́ wo ìyá mi, ìyá mi á sì sọ ẹni tó jẹ́, bí ẹni pé òun ló ń kí i: "Háà, ẹ kú àbọ̀, ọ̀rẹ́ wa ará ìsàlẹ̀." Ìgbà yẹn ni bàbá mi tó máa dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà ni o. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, mo rí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó mọ orúkọ wọn dáadáa, pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó fọkàn tán ohun tó mọ̀. Ó ti mọ ebè dáadáa rí, wọ́n sì ti já a nírọ́.

Èmi náà ni mo lọ bá àwọn àgbà ìjọ wa pé kí wọ́n wá gbàdúrà fún un. Mo rò pé oore ni. Wọ́n wá lẹ́yìn ìsìn, àwọn mẹ́ta, wọ́n yí àga rẹ̀ ká. Èyí tó gbàdúrà lóhùn rara, ó bẹ Ọlọ́run pé kó dá iyè bàbá padà, kí ìránṣẹ́ rẹ̀ má di ẹni ẹ̀sín lọ́jọ́ alẹ́. Mo wà lẹ́yìn àga. Mo gbọ́ bàbá mi tó ń sọ pé "Àmín." Ohùn yẹn, bí ohùn ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ tó sì gbà ni.

Ó kú nígbà ọyẹ́, ní ọ̀sán kan tí mo wà ní Adó. Rọpárọsẹ̀ ló padà wá. Ìyá mi ní kò jẹ ìrora púpọ̀. A sin ín, àwọn èèyàn wá, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí à ń ṣe, wọ́n lọ. Ilé dákẹ́.

Ó tó bí oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìyá mi sọ pé kí n ṣí aṣọ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní òun fẹ́ wo oko ọkọ òun. Mi ò fẹ́, àmọ́ èèyàn ò lè kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tàn án. Ó dìde kíákíá, ẹ wò mí, nínú ìbànújẹ́ yẹn náà inú mi ṣì dùn pé ó yá. Mo mú ọkùnrin náà jáde nílé, mo mú un kọjá lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ìyá mi sì ń dá àwọn tó ń kí i lóhùn bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. A dé oko.

Ìyá mi tẹ̀ síwájú.

"Kàbí ebè wà?"

Mo fi mọ́kànlá hàn án.

"Éè ṣe ìwọ̀nyí. Ìyókù ni mo í bi."

Mo ní, "Màmá, kò sí ìyókù. Mọ́kànlá ló kọ."

Ó wò mí, kò bínú, ó kàn yà á lẹ́nu ni. Ó ní òun jókòó sórí àpótí yìí, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí òun ń ṣa ẹ̀gúsí, tí òun ń wò ó. Ó ní ó kọ ebè dé ìdí igi ayán. Ó ní òun tiẹ̀ sọ fún un pé kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ata òun lẹ́bàá ahéré, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi í sílẹ̀. Bí iná bá lọ, bó bá di ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ìyókù á tún mọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní kí ni òun fẹ́ sọ? Ohun tí tẹlifíṣọ̀n bá ṣe lánàá, ṣé ó máa ń wà níbẹ̀ lónìí? Òun rò pé bí nǹkan náà ṣe ń ṣe nìyẹn, pé èmi tí mo ṣe é á mọ ibi tó ń kó wọn sí.

Mo mú ọkùnrin náà, mo kọ ebè mẹ́ta. Mi ò darí rẹ̀ sílé. Mo yọ wáyà kúrò lára ògiri. Mo tún un tàn, mo rìn padà sóko.

Mọ́kànlá.

Ohun tí mo ṣe ni mo rí lójú mi kedere. Ibi tó bá fi sílẹ̀ là ń séèfù. Bàbá mi ò fi oko sílẹ̀. Èmi tí mò ń lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀ tí mò ń kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo rò pé gbogbo ẹni tó bá lọ síbi iṣẹ́ ló máa padà sílé. Àgbẹ̀ ìgbà tirẹ̀ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ebè, ahéré ló ń sùn. Kò ní wálé títí ilẹ̀ tó dá yóò fi tán, tàbí kí ọjọ́ ọjà pé. Èmi fúnra mi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un lóko nígbà tí mo wà ní kékeré, mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbàgbé. Lójoojúmọ́ ló ń rìn lọ, tó ń kọ ebè, tó ń dúró síbẹ̀ bí àgbẹ̀ gidi, tí iná sì ń gba gbogbo rẹ̀ lọ. Láràárọ̀ ló ń bá mọ́kànlá náà níbẹ̀, ìyókù ilẹ̀ ní mímọ́. Ó sì ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé, pé èèyàn ló ń gbàgbé. Kí ló kù kó rò? Ìdí nìyẹn tó fi ń wo ẹnu mi ní Sátidé yẹn. Kì í ṣe ìyìn ló ń wá. Ẹ̀rí ló ń wá.

Mo tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ni: bí ebè kan bá ti dé ilẹ̀, séèfù. Kò fi ìṣẹ́jú kan dá ìdìde géèmù náà dúró. Kì bá ti ná mi ní ohunkóhun láti ọjọ́ kìíní. Mo sọkún níwájú ìyá mi bí mi ò ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Mo ṣàlàyé fún un, mo ní èmi ni mo ṣe é, ebè rẹ̀ pé, orí rẹ̀ pé títí ó fi kú. Mi ò mọ bó ṣe yé e tó. Ó jókòó, ó ń fi etí aṣọ nu ojú kọ̀ǹpútà tí kò ní eruku. Ó ní lẹ́yìn tí mo padà sí Adó ní ọjọ́ Àìkú yẹn, bàbá mi di òun lọ́wọ́ mú, ó ní orí òun ti lọ, ó sì bẹ ìyá mi pé kó má jẹ̀ẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀.

"Mo ní irọ́ ni, orí rẹ pé. Ó ní, 'Ọmọ mi ti kà á.'"

Ìyá mi gbójú sókè.

"Mèé mọ ohun ó í wí. Mèé bi í. Ọmọ mi, kí ni o kà?"